Ẹ jẹ́ kí ìka kípà yẹn ká

Àǹtí kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, kípà ni nínú tíìmù àwọn ọ̀dọ́. Ó fò sínú swimming pool níbi tí omi ò ti jìn, orí ló fi lọ, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Oṣù méje rèé. C6, A, ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀. Èjìká ń ṣiṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ń ká, ọrùn ọwọ́ ń gbéra sókè, àmọ́ ìka ò mira, láti àyà lọ sísàlẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan lára. Màmá wọn máa ń jókòó tì í lálaalẹ́, á máa na ìka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa ká sínú, fisió (òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bá èèyàn mú iṣan àti oríkèé ara ṣiṣẹ́) wá bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó pariwo mọ́ màmá. Kóòṣì náà gbé fídíò àwọn tó ń ṣe basketball lórí kẹ̀kẹ́ wá, ọmọ yẹn kọjú sógiri títí kóòṣì fi lọ. Ohun tí àǹtí yìí bi mí ni pé: “Ta ló tọ̀nà láàárín màmá mi àti fisió? Ṣé ká má dárúkọ eré ìdárayá fún un mọ́ ni? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé ó ṣì lè padà di nǹkan kan?”

Àǹtí, ẹ kú ìrójú o. Èmi kì í ṣe dókítà, fisió lèmi náà, àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọrùn wọn bàjẹ́ ni mo ń tọ́jú látọjọ́ pípẹ́ wá, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí i pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn tó bá dórí ọwọ́. Fisió yẹn ló tọ̀nà. Àmọ́ kó tó pariwo, ó yẹ kó ti ṣàlàyé, torí kò sí ìyá tó máa rí ìka ọmọ ẹ̀ tó ká báyẹn tí ọwọ́ ẹ̀ ò ní yá láti nà án.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ na apá yín síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, ẹ wá jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rọ̀ wálẹ̀ pátápátá, ẹ má fi ìka ṣe nǹkan kan. Ẹ rí i pé ìka là fúnra ẹ̀? Ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ yẹn sókè bíi pé ẹ ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ ṣì fi ìka sílẹ̀ kó dẹ̀. Ìka ti ń ká wọlé bọ̀, àtàǹpàkò sì ti lọ fara ti ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, àbí? Ẹ ò pàṣẹ fún ìka o, ọrùn ọwọ́ ló fà á. Iṣan tó ń ká ìka, láti apá ló ti ń bọ̀, abẹ́ ọrùn ọwọ́ ló gbà dé orí ìka, tí ọrùn ọwọ́ bá ti yí sókè iṣan yẹn á le, ìka á tẹ̀lé e. Tenodesis ni wọ́n ń pè é. Òun ni ẹni tó wà ní C6 fi ń gbé ife, òun ló fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, òun ló fi ń mú fóònù, tó bá yá òun náà ló máa fi di rọ́bà tó fi ń fa ìtọ̀ ara ẹ̀ mú. Àbúrò yín ò ní agbára kankan nínú ìka, àmọ́ ó ní ọrùn ọwọ́, ọrùn ọwọ́ yẹn sì lè fún un ní ìka padà tí iṣan abẹ́ ẹ̀ bá le díẹ̀, tí kò dẹ̀ jù.

Ẹ wá wo ohun tí màmá ń ṣe. Wọ́n ń na ìka gbọrọ nígbà tí ọrùn ọwọ́ náà wà lókè, iṣan yẹn ń fà láti òpin kan dé òpin kejì, lálaalẹ́, díẹ̀díẹ̀ á máa gùn sí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá fẹ́ gbé ife, á gbé ọrùn ọwọ́ sókè dáadáa, ìka á kàn máa fì síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n lè ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú ẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró báyìí, tí fisió sì bá a ṣe splint (ohun líle tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́) tó máa mú kó ká ní òru, ó sábà máa ń ṣeé tún ṣe.

Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màmá ṣá. Ìyẹn ni àṣìṣe tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ṣe jù, a máa ń sọ “ẹ má fọwọ́ kàn án” fún ẹni tó jẹ́ pé fífọwọ́ kàn án yẹn ló ń mú kó rí oorun sùn. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ wọn: tí ìka bá là, ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ bá lọ sókè, ìka gbọ́dọ̀ ká. Kò gbọdọ̀ sí ìgbà tí méjèèjì máa nà pọ̀. Tó bá fẹ́ fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì láti jókòó, kí ìka ká, kó má tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gbalaja. Tí wọ́n bá sì ń wá ohun tí wọ́n máa nà lálẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ni kí wọ́n máa nà. Iṣan tó ń ká ìgbọ̀nwọ́ ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń nà án ti kú, nítorí náà apá yẹn á fẹ́ ká síbẹ̀ títí láé, ìgbọ̀nwọ́ tó bá sì ti gan ò ní jẹ́ kó lè fi apá gbé ara ẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì sí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni C6 máa ń ju apá sẹ́yìn, á yí èjìká síta, á wá ti ìgbọ̀nwọ́ pa gbọn-in láìní iṣan tó ń nà án, á wá fi gbé ìdí. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe agbára. Ìgbọ̀nwọ́ tí kò nà tán kò lè ṣe é.

Ó jọ pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé C6 àti A yìí fún yín. Eegun méje ló wà ní ọrùn, àmọ́ iṣan ìmọ̀lára (nerve, èyí tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) mẹ́jọ ló ń jáde níbẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, C ni wọ́n fi ń pè wọ́n. C5 ló ń ká ìgbọ̀nwọ́, C6 ló ń gbé ọrùn ọwọ́, C7 ló ń na ìgbọ̀nwọ́, C8 ló ń ká ìka. Nítorí náà tí wọ́n bá kọ C6, ibi tó ṣì dára dé ni wọ́n kọ. A ní tiẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí dé ihò ìdí, níbi tí iṣan S4 àti S5 wà, kò sí ìmọ̀lára, kò sí agbára. Ẹni tó bá mọ nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe A mọ́, ó ti di B ó kéré tán, ìrètí tiẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò gbẹ̀yìn, torí mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ A fún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ títí ó fi kúrò ní hòsípítù.

Tó bá ṣì jẹ́ A lóòótọ́ lẹ́yìn oṣù méje, ó ṣọ̀wọ́n gan an kó padà fẹsẹ̀ rìn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ má ka ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní C6 ló máa ń jèrè ìpele kan sí i láàárín ọdún kan sí méjì, tí C7 á bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ti tóbi tó àfi tẹ́ ẹ bá ti gbé e sí kẹ̀kẹ́ fún oṣù méje. Ìyàtọ̀ láàárín C6 àti C7 ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń pe èèyàn kí wọ́n wá gbé òun àti ẹni tó ti gbé ara ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó jí. Tí C7 ò bá sì jí, iṣẹ́ abẹ wà. Wọ́n lè yọ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ní èjìká tàbí ní apá, wọ́n á lò ó láti máa na ìgbọ̀nwọ́, wọ́n lè fi òmíràn mú kí àtàǹpàkò máa fún nǹkan mọ́ra. Èyí tí wọ́n fi ń so iṣan ìmọ̀lára tó yè mọ́ èyí tó kú tún wà, ìyẹn ò fẹ́ ká fi falẹ̀, nítorí náà ẹ lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ní oṣù yìí, ẹ má dúró kó pé ọdún. Ọwọ́ tó rọ̀ tí kò gan ni wọ́n lè ṣe é fún, ẹ rí i pé a tún ti padà sórí iṣẹ́ màmá. Ẹni tó bá sì ní òun ní abẹ́rẹ́ stem cell tó máa mú u dìde rìn tí ẹ bá ti sanwó, ẹ bá a ṣàwàdà, ẹ má sanwó.

Ẹ jẹ́ n wá sọ nǹkan tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ kó tó di ti eré, torí ó lè pa á. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ bàjẹ́ ní T6 (ìpele kẹfà ní apá ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ọrùn) sókè, àbúrò yín sì ti kọjá ibẹ̀ dáadáa, tí nǹkan bá ń dà á láàmú nísàlẹ̀ níbi tí kò ti mọ̀ ọ́n lára, àpò ìtọ̀ tó kún, ìgbẹ́ tó dí, èékánná tó wọnú ẹran, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ̀jẹ̀ sókè láìsí ìdúró. Orí á ṣàdédé máa fọ́ ọ bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, ojú á pọ́n, òógùn á bo ojú àti ọrùn, imú á dí. Autonomic dysreflexia lorúkọ ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí páálí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́, torí ẹ lè bá nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ ọ rí pàdé. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ irú ẹni yìí sábà máa ń wà ní 90 sí 110 lókè, nítorí náà tí ẹ̀rọ bá kọ 150, tí ẹnì kan sì sọ pé “kò burú jù”, fún un ó burú gan an, ẹ̀jẹ̀ lè tú nínú ọpọlọ. Ẹ gbé e jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì, bàtà, gbogbo ohun tó há. Ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ti ká tàbí ó ti dí, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wo ìgbẹ́, ẹ wo awọ ara. Tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, hòsípítù ni. (Àwọn eléré kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa nǹkan yìí sára wọn kí ara wọn lè gbóná fún ìdíje, boosting ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti fòfin dè é. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ bí eléré ṣe máa ń ya wèrè tó.)

Tó kù, awọ ara àti ìtọ̀. Tó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kó tẹ̀ síwájú tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 kọ̀ọ̀kan, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ìdí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ fi dígí wo ìdí, gìgísẹ̀ àti egungun ìbàdí, ibi tó bá pọ́n tàbí tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ tí kò sì padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kó má jókòó lórí ẹ̀ mọ́ títí á fi padà. Kípà ni, ó mọ ohun tí tréníǹ ń jẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un lédè yẹn. Ìtọ̀, ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí àpò má kún ju ìdajì lítà lọ. Nǹkan tí kò dùn ún gbọ́ ni mo ń sọ yìí, àmọ́ egbò ìdùbúlẹ̀ kan lè mú kó sùn oṣù mẹ́ta, ta ló ń sọ̀rọ̀ eré nígbà yẹn?

Kó tó di pé Ludwig Guttmann, dókítà tó sá kúrò ní Jámánì, ṣí ilé ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn ní Stoke Mandeville ní England ní 1944, ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í pẹ́ láyé, egbò àti àrùn ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n máa ṣeré. Ní 29 July 1948, ọjọ́ tí Òlíńpíìkì London bẹ̀rẹ̀, ó kó ọmọ ogun 16 jọ kí wọ́n ta ọfà, ibẹ̀ ni Paralympics ti ṣẹ̀ wá, wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Róòmù ní 1960. Yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì ló ṣáájú ọfà o.

Ó wá kan fídíò kóòṣì. Àǹtí, fídíò yẹn ni kò dáa. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣe basketball lórí kẹ̀kẹ́: ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìka, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mú, wọ́n ń jù ú láti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yin rí kẹ̀kẹ́, ọmọ yẹn rí ọwọ́. Kípà ni! Ọwọ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀ láti kékeré, wọ́n wá gbé ọwọ́ ẹlòmíràn wá fi hàn án pé “ìwọ náà lè ṣe é”, bẹ́ẹ̀ òun mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. Èmi náà á kọjú sógiri.

Eré tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ọwọ́ tiẹ̀ wà. Ní nǹkan bí 1977, àwọn eléré kan ní Winnipeg ní Kánádà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ tó, tí basketball ò sì gbà wọ́n, jókòó dá tiwọn sílẹ̀. Murderball ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, torí kẹ̀kẹ́ ń kọlu kẹ̀kẹ́ gbàgà, wheelchair rugby ló ń jẹ́ báyìí, ó sì di eré tó ń gba mẹ́dà ní Paralympics ní Sydney ní 2000. Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń ṣeré. Wọ́n ń fún eléré kọ̀ọ̀kan ní póìntì láti 0.5 dé 3.5 gẹ́gẹ́ bí agbára tó kù lára ẹ̀, àròpọ̀ póìntì àwọn mẹ́rin tó bá wà nínú pápá ò gbọdọ̀ ju 8 lọ (wọ́n máa ń fi díẹ̀ kún un tí obìnrin bá wà nínú wọn). Ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: tíìmù ò lè kó alágbára nìkan jọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹni tí póìntì ẹ̀ kéré. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dà bíi ti àbúrò yín sábà máa ń wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dí ọ̀nà, irin gígùn máa ń wà níwájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó fi ń kọ́ kẹ̀kẹ́ alátakò kó má bàa lọ, kó rí ibi tí eré ń lọ kí ẹlòmíràn tó rí i. Ta ló máa ń kọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù bí kò ṣe kípà? Tó bá wá ní òun ò fẹ́ kíkọlù, boccia (eré tí wọ́n ti ń jókòó ju bọ́ọ̀lù kéékèèké) wà, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ wà wà, odò wíwẹ̀ wà, ó lè jẹ́ ojú omi ni kò tíì fẹ́ rí báyìí, ẹ ò ní bá a jà sí i.

Àmọ́ tréníǹ tó fẹ́ ṣe ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, kóòṣì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọkàn ẹ̀ ò ní sáré ju bíi 120 tàbí 130 lọ, torí iṣan tó ń sọ fún ọkàn pé kó yára ti já kúrò, nítorí náà aago tó ń ka ọkàn ò wúlò fún un, kó máa fi bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ wọ̀n ọ́n. Kì í làágùn ní ìsàlẹ̀ ọrùn, tí oòrùn bá mú, kẹ́ ẹ máa fọ́n omi sí i lára, kẹ́ ẹ máa gbé e síbòji, ooru lè gbé e ṣubú láìsí pé ó pariwo. Èjìká ẹ̀ ti di ẹsẹ̀ ẹ̀, kó máa fa nǹkan ju bó ṣe ń ti nǹkan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dà á láàmú kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọn sí ara ẹ̀ gan an lẹ máa wá, kì í ṣe èyí tó fẹ̀ tó sì wúwo tí hòsípítù fi ń ti àwọn aláìsàn kiri, ìyẹn ò ṣeé fi gbé ayé.

Bó ṣe kọjú sógiri yẹn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Kò sì sí òfin tó ní eléré gbọ́dọ̀ padà sí eré. Kristina Vogel, ọmọ Jámánì tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré, ó gba góòlù Òlíńpíìkì méjì, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé mọ́kànlá, ní 2018 ó kọlu ẹlòmíràn nínú tréníǹ ní Cottbus, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú. Ìyẹn ò yára wọ Paralympics o. Ní 2019 wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Erfurt, ó sì tún sọ̀rọ̀ nípa eré kẹ̀kẹ́ ológeere lórí tẹlifíṣàn. Ohun tó mọ̀ ò kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ fún kóòṣì kó padà wá, kó má mú fídíò ẹnikẹ́ni wá àfi ti kípà tuntun tó gba ipò àbúrò yín, kó wá bi í pé, “Wò ó, kí ni ọmọ yìí ń ṣe tí kò dáa?” Kó dákẹ́, kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó lè dùn ún, ó lè sunkún, ó lè bú kóòṣì. Bó bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi ẹ̀sìn tàbí àwàdà bò ó mọ́lẹ̀, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í fi sí i lọ́kàn, tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ọjọ́ yẹn gan an.

Ẹ bi mí bóyá ó lè di nǹkan kan. Ẹ lọ wá ife kan tó fúyẹ́, ẹ bu omi dé ìdajì, ẹ gbé e síwájú ẹ̀ níbi tó lè na apá dé, ẹ sọ fún un kó jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rọlẹ̀ títí ìka á fi là yí ife ká, kó wá gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ó máa dà á nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí màmá wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀yìn.